Ṣé torí àwọn ará Áyálándì ni wọ́n ṣe gbé físà lọ́tìrì kalẹ̀?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Lọ́dún 1997 ni àbúrò bàbá mi jẹ físà lọ́tìrì, tó sì kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ó wá kí wa nígbà ọdún Àjíǹde tó kọjá. Níbi tí wọ́n ti ń tàkúrọ̀sọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kó lọ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òyìnbó Áyálándì, pé torí tiwọn ni wọ́n ṣe gbé lọ́tìrì náà kalẹ̀. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ṣé òótọ́ wà níbẹ̀? Òyìnbó ṣá ni wọ́n, kí ló wá dé tí wọ́n fi ń wá físà bíi tiwa?" Obìnrin kan ló kọ ọ́ sí mi láti Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òótọ́ pọ́ńbélé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣe òfin tó bí físà lọ́tìrì. Lára àwọn tó sá sókè sá sódò jù lórí rẹ̀ ni àwọn tó ń wá bí ọmọ Áyálándì tó ń fara pamọ́ ní New York àti Boston yóò ṣe rí ìwé ìgbélùú. Màá dé orí ìyẹn. Àmọ́ gbólóhùn kan wà nínú ìbéèrè rẹ tí n kò lè fò kọjá: "Òyìnbó ṣá ni wọ́n." Ká ní o sọ bẹ́ẹ̀ ní Boston lọ́dún 1850, àwọn òyìnbó tó ni ìlú ì bá bá ọ jiyàn títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Bí àwọn èèyàn tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ rí sójú ṣe wá di àwọn tó ń bá Amẹ́ríkà kọ òfin, ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ogójì ni. Inú oko ló ti bẹ̀rẹ̀.

Pòtétò tí àwọn ọlọ́jà wa ń pè ní "Irish" kì í ṣe irúgbìn àbáláyé Áyálándì. Orí òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ṣùgbọ́n ó bá ilẹ̀ wọn mu, ó sì bá ipò wọn mu. Àwọn onílẹ̀ ńláńlá, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ìran Gẹ̀ẹ́sì, ló ni ilẹ̀. Tálákà ń yá ibi tóótòòtó kan lọ́wọ́ wọn, kò sì sí irúgbìn mìíràn tó lè bọ́ ìdílé yó lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbin ọkà, wọ́n ń sin ẹlẹ́dẹ̀, àmọ́ títà ni wọ́n ń tà wọ́n láti fi san owó ilẹ̀. Àwọn fúnra wọn, pòtétò ni láàárọ̀, pòtétò ni lálẹ́. Alágbàṣe tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ lè jẹ tó kílò márùn-ún lójúmọ́, pẹ̀lú wàrà díẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án 1845 ni àrùn kan tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri balẹ̀ sínú oko wọn. Òórùn ló kọ́kọ́ máa ń sọ fún àgbẹ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ewé á ní àmì dúdú, láàárín ọjọ́ díẹ̀ gbogbo ebè á máa rùn, tí wọ́n bá sì wú u, á ti rà di ẹrọ̀fọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìdajì ni wọ́n ṣì rí jẹ lọ́dún náà. Ní 1846, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí nǹkan kan. Nígbà tó fi máa di 1847, àrùn náà dẹwọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ irúgbìn tí wọn ì bá gbìn.

Bí a bá ní kí á di gbogbo ẹ̀bi ru àrùn pòtétò, a ò sọ òótọ́. Àwọn ọkọ̀ ń kó ọkà àti màlúù jáde ní èbúté Áyálándì nígbà tí ebi ń pa àwọn tó gbìn ín. Ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù dá ilé ọbẹ̀ sílẹ̀ ní 1847, ó sì bọ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 èèyàn lójúmọ́ nígbà tó gbóná jù. Ìyẹn fi hàn pé wọ́n lè ṣe é tí wọ́n bá fẹ́. Wọ́n tún tì í pa kí ọdún náà tó parí. Lọ́dún kan náà ni wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí ilẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ bá ju ìdámẹ́rin éékà lọ kò gbọdọ̀ gba ìrànwọ́, àfi tó bá yọ̀ǹda ilẹ̀ náà. Wo bí wọ́n ṣe kó àgbẹ̀ sáàárín: kó di ilẹ̀ mú kí ebi pa ọmọ rẹ̀, tàbí kó jẹun lónìí kó di aláìnílé lọ́la. Tó bá ti fi ilẹ̀ sílẹ̀, onílẹ̀ á rán àwọn jàǹdùkú wá wó òrùlé rẹ̀ kó má baà padà wọ ibẹ̀.

Ní 1841, àwọn ará Áyálándì tó mílíọ̀nù 8.2. Nígbà tí wọ́n tún kà wọ́n ní 1851, mílíọ̀nù 6.5 ló ṣẹ́ kù. Nǹkan bíi mílíọ̀nù kan kú, ó sì lé ní mílíọ̀nù kan tó sá lọ. Iye wọn ò padà dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀ títí di òní olónìí.

Nínú àwọn tó lọ, àwọn ará Strokestown ní ẹkùn Roscommon ni mo máa ń fi ṣàlàyé. Mejọ̀ Denis Mahon ló jogún ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n bá a ṣe ìṣirò pé owó ọkọ̀ tí yóò fi kó àwọn ayálẹ̀ rẹ̀ lọ sí Kánádà kéré sí owó tí yóò fi bọ́ wọn fún ọdún kan. Ní 1847, èèyàn 1,490 fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Dublin, ó lé ní àádọ́jọ kìlómítà, tọmọdé tàgbà, lẹ́bàá odò tí wọ́n gbẹ́. Wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Liverpool, ibẹ̀ ni wọ́n ti wọ ọkọ̀ ńlá. Ìdí tí Kánádà fi dínwó ju Amẹ́ríkà lọ ni pé àwọn ọkọ̀ tó ń kó gẹdú wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í rí ẹrù gbé padà. Èèyàn ni wọ́n wá ń kó síbi tí pákó ti kúrò. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ọ̀hún ni Virginius. Èèyàn 476 ló wọ̀ ọ́. 158 ló kú sórí omi.

Ibà tí kòkòrò iná ara ń gbé kiri ló pa wọ́n. Erékùṣù Grosse Île, nínú odò ńlá tó lọ sí Quebec, ni wọ́n ti ń yẹ àwọn èrò wò. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún, àwọn ọkọ̀ ti tò gbọọrọ dúró sórí omi, òkú ń bẹ nínú wọn, alààyè ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Ó lé ní 5,000 tí wọ́n sin síbẹ̀ lọ́dún 1847 nìkan. "Ọkọ̀ pósí" ni ìtàn ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ òrukàn tó ṣẹ́ kù, àwọn ìdílé Kánádà tó ń sọ èdè Faransé ló gbà wọ́n tọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń jẹ́ orúkọ bàbá wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí o fi lè pàdé ẹni tó ń jẹ́ Ryan ní Quebec tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ní ti Mejọ̀ Mahon, wọ́n yìnbọn pa á lójú ọ̀nà ní oṣù kọkànlá ọdún náà.

Ìyàn náà kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bíi 1852, àmọ́ lílọ ò dáwọ́ dúró. Ó ti di àṣà. Bí ọmọ bá ti ń bàlágà ni wọ́n ti ń retí pé yóò lọ. Ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, wọ́n máa ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní "àìsùn Amẹ́ríkà". Tiwa, òkú ni à ń ṣe àìsùn fún. Tiwọn, ẹni tó jókòó láàárín wọn tó ń jẹun ni wọ́n ń ṣe é fún. Àwọn aládùúgbò á kún ilé, ọtí á dé, ẹnìkan á máa ta gòjé, àwọn ọ̀dọ́ á máa jó. Tó bá di ọ̀gànjọ́, ìyá àgbà kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún arò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sun ún fún òkú, á máa ka oríkì ọmọ náà àti bí ilé yóò ṣe dá lẹ́yìn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á sìn ín dé ìkòríta kan, wọ́n á sì padà. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Lẹ́tà á wá, owó á wá, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ò tún fojú kan ara wọn mọ́.

Ohun kan ya tiwọn sọ́tọ̀ láàárín àwọn ará Yúróòpù tó ń lọ sí Amẹ́ríkà. Ní ibòmíràn, ọkùnrin ló máa ń ṣáájú. Ní Áyálándì, àwọn ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ ń dá lọ, títí wọ́n fi tó ìdajì àwọn tó ń lọ, nígbà míì wọ́n tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ibùdó Ellis Island ní New York ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1892, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni Annie Moore, ọmọbìnrin kan láti Cork, tó kó àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì dání. Àwọn òbí wọn ti ṣáájú wọn dé. Wọ́n fún un ní owó wúrà dọ́là mẹ́wàá.

Iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyí ń ṣe, débi pé Bridget, orúkọ tó wọ́pọ̀ láàárín wọn, di orúkọ tí àwọn ọlọ́rọ̀ fi ń pe ìránṣẹ́ èyíkéyìí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni yóò ti jí dáná, yóò nu ààrò dúdú títí yóò fi máa dán, yóò gbé omi gbígbóná gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́ta kí àwọn ọ̀gá tó jí. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ló ń gbà sinmi, àti ọjọ́ Àìkú tó bá rí àyè lọ síbi Máàsì. Ìyà ni, n kò ní pè é ní nǹkan míì. Ṣùgbọ́n kì í sanwó ilé, kì í sanwó oúnjẹ, owó oṣù rẹ̀ sì ń pé sí i lọ́wọ́. Owó yẹn ló ń lọ sílé. Ní 1850, àwọn ọmọ Áyálándì ní New York dá báńkì tiwọn sílẹ̀, Emigrant Industrial Savings Bank, tó ń bá wọn tọ́jú owó, tó sì ń bá wọn fi í ránṣẹ́ sílé. Wọ́n tún ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n á fi sínú lẹ́tà fún àbúrò tó kàn. Bí àbúrò yẹn bá dé, òun náà á ra ti ẹlòmíràn.

Àwọn ọkùnrin ní tiwọn ń gbẹ́ odò, wọ́n ń tẹ́ ojú irin. Ní New Orleans, láàárín 1832 sí 1838, kí ìyàn tiẹ̀ tó dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló kú sínú ẹrọ̀fọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ odò New Basin, nítorí ibà pọ́njú. Àwọn tó ni ẹrú ò fẹ́ fi ẹrú tí wọ́n fi owó ńlá rà sínú irú ewu bẹ́ẹ̀. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí sọ fún ọ pé àwọn ará Áyálándì náà ṣe ẹrú ní Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí àwọn èèyàn wa. Irọ́ ni, ó sì ń rìn kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lébírà Áyálándì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la, ẹnikẹ́ni ò lè ta ọmọ rẹ̀, tó bá sì pé ọdún tí òfin wí, á gba ìwé ọmọ onílùú, á dìbò. Ẹrú ò ní ọ̀kankan nínú wọn.

Wọ́n kórìíra wọn ṣá o. Ìjọ Àgùdà ni wọ́n ń ṣe, àwọn tó ni Amẹ́ríkà nígbà náà sì gbà pé Póòpù ló rán wọn wá gba ìlú. Ní Philadelphia lọ́dún 1844, wọ́n jà lórí irú Bíbélì tí àwọn ọmọ iléèwé yóò máa kà, wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà méjì. Ní 1854, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń lòdì sí àwọn àjèjì gba ìjọba Massachusetts pátápátá, láti orí gómìnà dé ilé aṣòfin.

Èyí tí àwọn ọmọ Áyálándì kì í fẹ́ sọ lọ́jọ́ àjọ̀dún Patrick Mímọ́ nìyí. Ní oṣù keje 1863, nígbà ogun abẹ́lé, ìjọba fẹ́ fi tipátipá mú àwọn ọkùnrin wọ iṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní dọ́là 300 lè fi ra ara rẹ̀. Tálákà ò ní in. Inú bí àwọn lébírà New York, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Áyálándì, wọ́n tú síta. Orí àwọn aláwọ̀ dúdú ni ìbínú ọ̀hún wá já lé, torí wọ́n ní torí tiwọn ni ogun ṣe ń jà, pé wọ́n á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n so àwọn èèyàn dúdú kọ́ sórí igi, wọ́n dáná sun ilé àwọn ọmọ òrukàn aláwọ̀ dúdú. Wọ́n rí ọmọ tó lé ní 200 kó jáde gba ẹ̀yìn. Àwọn ọlọ́pàá tó dojú kọ àwọn jàǹdùkú náà, ọmọ Áyálándì pọ̀ nínú wọn pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lè tẹ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ìdáhùn "òyìnbó ṣá ni wọ́n" wà. Ọ̀nà kan tí wọ́n gbà di òyìnbó lójú àwọn tó ni ìlú ni pé wọ́n rí i dájú pé àwọn ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ọ̀nà kejì ni ìbò. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pọ̀ sójú kan, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn jọ, torí wọ́n ti kọ́ ọ nílé níbi tí wọ́n ti ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fà á. Nínú ẹgbẹ́ òṣèlú Tammany Hall ní New York, aṣáájú àdúgbò ló ń wá iṣẹ́ fún ọmọ, òun ló ń gbé èédú wá nígbà òtútù, òun ló ń jókòó síwájú níbi ìsìnkú. Lọ́jọ́ ìbò, ó ń padà wá gba èrè. Wọ́n jalè níbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká purọ́, àmọ́ ilé tálákà gbóná. Ní 1880 ni wọ́n dìbò yan William R. Grace, ọmọ ìjọ Àgùdà tí wọ́n bí ní Áyálándì, ní olórí ìlú New York. Ní 1884, ó kan Hugh O'Brien ní Boston.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ayé mọ̀ ni ti ìdílé Kennedy. Patrick Kennedy kúrò ní abúlé Dunganstown ní Wexford lásìkò ìyàn, ó ń ṣe àgbá onígi ní East Boston, ó sì kú ní 1858. Opó rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Bridget, dá ìsọ̀ kékeré kan sílẹ̀, ó fi tọ́ àwọn ọmọ. Ọmọkùnrin wọn ní ilé ọtí, láti ilé ọtí ló ti bọ́ sínú òṣèlú. Ọmọ ọmọ onílé-ọtí yìí ni wọ́n dìbò yàn ní ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1960.

Ibí yìí ni físà ti wọ̀ ọ́. Láti 1921, Amẹ́ríkà ti fi iye sí àwọn tó lè wá láti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di 1929, Áyálándì gba àyè 17,853 lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, 100 péré. Ní 1965, wọ́n wó ètò náà, wọ́n ní ẹni tó bá ní mọ̀lẹ́bí tímọ́tímọ́ ní Amẹ́ríkà ni yóò máa ṣáájú. Edward Kennedy, àbúrò ààrẹ yẹn, ló dúró lórí òfin náà nílé aṣòfin àgbà. Òfin tó tọ́ ni, òun ló sì ṣílẹ̀kùn fún èèyàn dúdú àti àwọn ará Éṣíà. Ṣùgbọ́n ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ará ilé baba ńlá rẹ̀. Ọmọ Áyálándì tó fẹ́ lọ ní 1985 lè ní ìbátan rẹpẹtẹ ní Boston, ọmọ ìyá bàbá ìyá bàbá rẹ̀. Òfin ò ka irú ìyẹn sí. Ọrọ̀ ajé wọn sì ti dẹnu kọlẹ̀: nínú èèyàn mẹ́fà tó lè ṣiṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ò rí iṣẹ́. Ni wọ́n bá ń gba físà ìbẹ̀wò, wọ́n wọlé, wọn ò padà. Wọ́n ń kọ́lé ní Bronx, wọ́n ń gbé ọtí ní báà, wọ́n ń bá ọlọ́mọ tọ́jú ọmọ, wọn ò lè lọ sílé sin bàbá tó kú. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ irú ìtàn yìí rí lédè mìíràn.

Àwọn yìí ò jókòó. Ní 1987, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Queens láti máa bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀. Brian Donnelly, aṣòfin láti Massachusetts, ti rí físà díẹ̀ wọnú òfin ọdún 1986 fún àwọn orílẹ̀-èdè tí òfin 1965 pa lára. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi lẹ́tà dé ló ń rí i, kò sì sí òfin pé lẹ́tà kan péré ni kéèyàn fi ránṣẹ́. Àwọn ọmọ Áyálándì fi lẹ́tà bo ilé ìfìwéránṣẹ́ mọ́lẹ̀, àwọn ni wọ́n rí jù. Nígbà tó wá di 1990, Bruce Morrison, aṣòfin láti Connecticut, gba físà 40,000 lọ́dún fún ọdún mẹ́ta. Òfin náà ní ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ fún orílẹ̀-èdè tó bá rí jù nínú físà Donnelly. Kò dárúkọ Áyálándì rárá. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ, ó sì délé di odidi: físà 48,000. Ní oṣù kẹwàá 1991, àwọn èèyàn gbé àpò lẹ́tà lọ síwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ Merrifield ní Virginia lóru, kí tiwọn lè ṣáájú.

Ètò tí wọ́n ní kó rọ́pò físà Morrison nígbà tó bá parí ni lọ́tìrì tí àbúrò bàbá rẹ jẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1995, físà 55,000 lọ́dún, fún àwọn orílẹ̀-èdè tí èèyàn wọn ò pọ̀ nínú àwọn tó ń wọlé. Ẹni tó bá ní ìwé ẹ̀rí girama lè ta á. Tí o bá ń wá àtẹ́lẹwọ́ ọmọ Áyálándì lára rẹ̀, wo ibi tí òfin ti ka Northern Ireland sí orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ètò náà fi máa gbérasọ, ọrọ̀ ajé Áyálándì ti ń gòkè, àwọn ọmọ wọn sì ti ń padà sílé. Àwa ni a rí i lò. Kí wọ́n tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2003, inú àpò ìwé ni à ń fi fọ́tò àti orúkọ sí, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó ń rí jẹ jù.

Àárín àkókò yẹn náà ni àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Áyálándì fúnra rẹ̀. Rotimi Adebari, ọmọ Òkè-Ọ̀dàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, débẹ̀ ní 2000 láti wá ààbò. Ní 2007, wọ́n yàn án ní olórí ìlú Portlaoise, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé irú ipò bẹ́ẹ̀ lórílẹ̀-èdè náà. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti dìbò níbẹ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí sórí ilẹ̀ wọn ni yóò máa di ọmọ onílùú mọ́. Nínú ọgọ́rùn-ún tó dìbò, nǹkan bíi 79 ló ní bẹ́ẹ̀ ni.

Tí o bá ń rò pé kí ìwọ náà ta lọ́tìrì ọ̀hún, wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò láti ti ọdún 2015. Òfin ní orílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ bá ju 50,000 lọ láàárín ọdún márùn-ún, nípasẹ̀ mọ̀lẹ́bí tàbí iṣẹ́, kò lè kópa mọ́, a sì ti kọjá ibẹ̀. Mọ̀lẹ́bí ọmọ Áyálándì kéré jù ní 1985. Tiwa ló wá pọ̀ jù. Àbúrò bàbá rẹ wà lára àwọn tó fà á.